Mínú Ò Jẹ Oògùn Eku

Kí ló wá burú nínú pé mo kí èèyàn? Ẹ bá mi bi wọ́n o. Dókítà yẹn kiwọ́ bọ àpò, ó yọ fóònù, ó wọ gíláàsì ojú ẹ̀, ó wá ń ka mẹ́séèjì mi sókè bí ìgbà tí ọlọ́pàá bá ń ka ìwé ẹ̀sùn: "Ẹ káàárọ̀ o, dókítà. Ẹ kú iṣẹ́ àná. A dúpẹ́ gan-an ni. Ọlọ́run á máa fún yín lókun." Ó kà á tán, ó yọ gíláàsì, ó kọjú sí Mádàámù tó ń gbọ́ ẹjọ́ wa, ó ní, "Mà, ṣé ẹni tí wọ́n bá ẹran ẹ̀ jẹ́ ló ń ṣàdúrà fúnni báyìí?"

Ara mi gbóná. Mo dìde. Mádàámù ní kí n jókòó. Mo jókòó, mo tún dìde.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni mo tẹ mẹ́séèjì yẹn. Ọ̀yìngbò ni mo wà, mò ń dúró de ọkọ̀ tó máa gbé mi lọ síbi iṣẹ́. Mínú, ológbò mi, ṣì ń sùn nígbà tí mo jáde nílé. Mi ò mọ nǹkan kan. Ẹni tó bá ṣe nǹkan fún ẹ lánàá, o gbọ́dọ̀ kí i lónìí, bí ìyá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn. Dókítà yìí náà, ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ká ní mi ò kí i ni, òun fúnra ẹ̀ ló máa kọ́kọ́ sọ pé wọn ò kọ́ mi nílé. Ó wá ń fi ìkíni mú mi. Irú ìwà wo nìyẹn?

Àwọn kan ti ń sọ kiri Ìdí-Àràbà pé torí ológbò lásán ni mo ṣe ń fa dókítà kiri. Irọ́ ni. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ará Kétu ni mí. Kétu tòdìkejì bọ́dà o, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní, "Ṣé èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mile 12 yẹn?" Ó sú mi láti máa ṣàlàyé. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tí mo ti wà l'Ékòó. Kì í ṣe ariwo ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí, kì í ṣe èrò. Yorùbá ni mò ń sọ látìgbà tí wọ́n ti bí mi, mo ti lérò pé tí mo bá dé ibí, bíi pé mo kúrò ní yàrá kan bọ́ sí òmíì ni. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lanu ra búrẹ́dì ní Mushin, obìnrin yẹn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó pe ẹnìkejì ẹ̀: "Wá gbọ́ bí Ègùn yìí ṣe ń sọ Yorùbá!" Èmi tí mi ò gbọ́ Ègùn rárá! Mo fi búrẹ́dì ẹ̀ sílẹ̀, mo lọ. Ebi sì ń pa mí gan-an o.

Wọ́n wá sọ mí ní Kùtọnu. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo dé Kùtọnu láyé mi.

Táìsì ilẹ̀ àti ti ògiri ni mò ń lẹ̀. Àwọn ará Èkó gbà pé àwa tá a ti ìkọjá bọ́dà wá la mọ̀ ọ́n lẹ̀ jù, wọn ò sì parọ́. Gbogbo ọjọ́ lórí eékún, ní Surulere, ní Yaba, ilé olówó lónìí, ilé ìwẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́la. Ọ̀gá kan wà tí mo bá ṣiṣẹ́ fún ọdún kan àbọ̀. "Kùtọnu, wá bá mi wo kíṣìnnì yìí. Kùtọnu, ilẹ̀ yìí ò gún." Kò fìgbà kan bi mí lórúkọ. Èmi náà ṣorí kunkun, mi ò sọ fún un. Títí dòní.

Sọ́ńdè ló máa ń burú jù. Gbogbo ará ilé á ti wọṣọ, wọ́n á ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn Mùsùlùmí á lọ kí ẹbí wọn. Èmi á wà lórí ẹní, màá máa ka pákó àjà. Ọdún kan ni mo fi ka pákó yẹn, mélòó ló wà níbẹ̀? Ẹ má bi mí. Ìgbà yẹn ni mo rí Mínú nínú páálí táìsì tó ṣófo níbi iṣẹ́ kan ní Surulere, kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, ariwo ẹ̀ sì ju ti jẹnẹrétọ̀ lọ. Mo tì í bọ àpò aṣọ iṣẹ́ mi, mo gbé e wálé. Níléèwé wa, Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ wa, Mínú la máa ń pe ológbò. Orúkọ tó yá lẹ́nu mi nìyẹn.

Ìyá mi pè, ó gbọ́ ohùn ẹ̀. "Kí nìyẹn?"

"Ológbò ni, màmá."

"Ológbò? Ṣé èèyàn tán l'Ékòó ni?"

Ẹ̀rín pa mí, ṣùgbọ́n bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Àtìgbà yẹn, kó tó béèrè bí mo ṣe sùn, á ti béèrè Mínú.

Ilé wa ní Ìdí-Àràbà, fesi-mi-n-fesi-ẹ ni, yàrá mẹ́jọ. Àǹtí Bùkì tó jẹ́ nọ́ọ̀sì wà ní yàrá tó kọjú sí tèmi. Ìyá Rìsì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìjẹ̀ṣà ni Ìyá Rìsì, àgbà obìnrin, ọṣẹ àti kànìnkànìn ló ń tà lẹ́nu ọ̀nà. Kò fẹ́ràn Mínú. Tó bá ti rí i, á ní, "Ṣíọ̀, ológìnní olójú bíi tọ́ọ̀ṣì," á sì da omi lé e. Mo máa ń bínú, àmọ́ màá gbé e mì, torí àgbà ni. Ó tún máa ń ra oògùn eku. Gbogbo ilé ló mọ̀.

Eégbọn ló bo Mínú. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran kan ní Surulere, ọ́fíìsì ẹ̀ mọ́, ó ní àwòrán ajá lára ògiri. Dókítà ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù nípa ilẹ̀ kan tó fẹ́ rà. Kò gbé fóònù yẹn sílẹ̀. Èjìká ló fi há a mọ́tí, ó gé ẹnu rọ́bà oògùn kékeré kan, ó fún gbogbo ẹ̀ sẹ́yìn ọrùn Mínú. Kò wọ̀n ọ́n. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó na rọ́bà kejì sí mi, ó fọwọ́ bo fóònù díẹ̀: "Fi èyí náà sí i tó bá di oṣù tó ń bọ̀." Mo ní ẹ ṣé, sà. Mo jù ú sínú báàgì iṣẹ́ mi.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀sán gangan, mo wà lórí eékún, símẹ́ǹtì wà nílẹ̀, Àǹtí Bùkì pè mí. Iṣẹ́ alẹ́ ló ṣe ní ọsibítù, ilé ló wà lọ́sàn-án.

"Kùtọnu, máa bọ̀. Ẹran ẹ ń gbọ̀n."

"Òtútù ni?"

"Òtútù kí ni? Ó ń gbọ̀n bí ẹni tí iná gbé! Máa bọ̀, mo ní!"

Mo fi símẹ́ǹtì sílẹ̀ kó gbẹ. Mo gbé Mínú padà lọ bá dókítà. Etí ẹ̀ ń já, ẹsẹ̀ ẹ̀ ń já, itọ́ ń dà lẹ́nu ẹ̀. Dókítà wò ó fìrí. "Oògùn eku," ó ní. "Ó jẹ oògùn eku nílé yín." Ó gún un lábẹ́rẹ́. Kò pẹ́, Mínú ò gbọ̀n mọ́, kò sì mí mọ́. Ó ti kú. Dókítà mú káàdì, ó kọ ọ́ síbẹ̀, ó fọwọ́ sí i, ó lù ú ní òǹtẹ̀: ẹran jẹ oògùn eku nílé olówó ẹ̀. Mo tún dúpẹ́ o! Ẹ ò rí ayé mi bí?

Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń gbọ́ ọ létí: oògùn eku, oògùn eku. Mo dé inú ilé, mi ò tiẹ̀ gbé páálí tí òkú Mínú wà sílẹ̀.

"Màmá! Ẹ jáde! Ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ yín!"

Ìyá Rìsì jáde, ọṣẹ wà lọ́wọ́ ẹ̀. "Iṣẹ́ ọwọ́ wo?"

"Oògùn eku yín ti pa á! Ó dùn mọ́ yín báyìí, àbí? Dókítà ti kọ ọ́ síbí! Ìkà ni yín! Àgbà ìkà!"

Gbogbo ilé jáde. Ó wo inú páálí. Ó wò mí.

"Èmi lo pè ní ìkà? Àbíkẹ́yìn mi jù ẹ́ lọ. Oògùn tí mo rà wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, mo sì ń ti yàrá mi. Ṣé ológbò ẹ ní kọ́kọ́rọ́ ni?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló tún bà mí lórí jẹ́. Mo ka káàdì yẹn sókè fún wọn, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Láti ọjọ́ yẹn, àwọn tó ní ọmọ kékeré ò ra nǹkan lọ́wọ́ Ìyá Rìsì mọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, láǹlọ́ọ̀dù ní òun ò lè ní ẹni tó ń kó májèlé kiri nínú ilé tọ́mọdé wà, kó wá ibòmíì lọ kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti wà nínú ilé yẹn. Inú mi dùn, mi ò ní parọ́.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mò ń wá pẹ́ńsùlù tí mo fi ń sàmì sára táìsì, mo tọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ báàgì, mo fa rọ́bà oògùn yẹn jáde. Faransé ni wọ́n kọ sí i lára. Ẹ mọ̀ pé ọ̀nà ọ̀dọ̀ wa lọ̀pọ̀ ọjà ń gbà wọ Èkó. Mo kà á. Fún ajá nìkan ni. Lábẹ́ ẹ̀, lẹ́tà wẹ́wẹ́: má fi sára ológbò láéláé, ó lè mú un gbọ̀n, ó lè pa á.

Mo jókòó sínú símẹ́ǹtì tútù.

Dókítà ò gbọ́ Faransé. Èmi gbọ́. Rọ́bà yẹn ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi látọjọ́ àkọ́kọ́, mo gbé e kọ́rùn kiri Èkó, mi ò fi ojú kàn án. Ká ní mo kà á lọ́jọ́ náà, màá ti fi ọṣẹ fọ ọrùn Mínú kí ilẹ̀ tó ṣú. Mi ò lè gbé ìyẹn fún dókítà, tèmi nìyẹn.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn, tí ìyá mi bá béèrè Mínú, mo máa ń ní ó wà. Sọ́ńdè yẹn ni mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un. 

"Ìwọ tí mo ta aṣọ mi kó o lè kàwé Faransé?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

"Ìyá tó o pè ní ìkà yẹn, ṣé ó lọ́mọ?"

"Ó lọ́mọ."

"Tí wọ́n bá ń pe èmi ní ìkà ní Kétu ńkọ́, tó o gbọ́ ọ l'Ékòó?"



Ẹ wò ó, ibi tí àjò ti ń dun èèyàn nìyí. Nílé, tí mo bá ṣẹ àgbà, bàbá mi á mú mi dání, àbúrò bàbá mi á tẹ̀ lé wa, a ó jọ lọ dọ̀bálẹ̀. Ẹnì kan kì í dá bẹ àgbà. L'Ékòó, ta ni màá mú dání? Ọ̀gá tí ò mọ orúkọ mi? Mo kan ilẹ̀kùn Àǹtí Bùkì, mo fi rọ́bà hàn án, mo kà á fún un. Ó ní, "Orí ẹ ò pé." Ó wọ sílípáàsì ẹ̀. Ó bá mi lọ. Mo dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Ìyá Rìsì, Àǹtí Bùkì kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, obìnrin tí mi ò bá tan rárá.

Ìyá Rìsì gbọ́ ọ látòkèdélẹ̀. "Ẹ dìde," ó ní. "Ìwé lo fi bà mí lórúkọ jẹ́, kì í ṣe ẹnu. Lọ mú ìwé wá."

Láǹlọ́ọ̀dù náà sọ ohun kan náà: "Dókítà ló kọ ti àkọ́kọ́. Ṣé ìwọ náà ti di dókítà ni?"

Mo lọ bá dókítà ní pẹ̀lẹ́, mo búra, ní pẹ̀lẹ́. Ó ní kí n jáde. Ó ní ṣé mo ní ìwé tí mo fi ń gbé ìlú yìí tí mo fi ń wá sọ fún òun bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́. Ohùn mi lọ sókè níbẹ̀ yẹn, mo gbà. Àǹtí Bùkì ló sọ fún mi pé ọ́fíìsì ìjọba kan wà ní Yaba tí wọ́n ti ń parí ìjà láìgbowó, tí kò bá yanjú, wọ́n á ní kéèyàn máa lọ kóòtù. Òun ló bá mi kọ lẹ́tà. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ tí mo gbé e lọ. Akọ̀wé béèrè ìlú mi, mo sọ, mo ń retí kó ní kí n padà síbi tí mo ti wá. Ó kọ ọ́, ó ní, "Kétu. Ṣé K ni wọ́n fi ń kọ ọ́ àbí Q?" Ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnì kan l'Ékòó ò béèrè Mile 12. Mo jáde, mo rìn bí ẹni tó ra mọ́tò.

Ibẹ̀ la wà níwájú Mádàámù nígbà tí dókítà ń ka ìkíni mi. Mádàámù gbọ́ ọ tán, ó ní, "Dókítà, ẹ̀yin náà ẹ wo fóònù mi, gbogbo ẹni tí mo bá lé jáde níbí ló ń kí mi lọ́jọ́ kejì. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹni yìí."

Mo gbé rọ́bà jáde. Mo kà á, mo sọ ọ́ ní Yorùbá. Dókítà ní mò ń hùmọ̀ ẹ̀, ta ló gbọ́ Faransé níbí? Mádàámù ò bá wa jiyàn. Ó gbé kámẹ́rà fóònù ẹ̀ sórí rọ́bà yẹn, fóònù túmọ̀ ẹ̀. Ó kà á. Ó gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

Dókítà nu ojú. Ó wá yí sí mi. "Ṣé ìwọ ò lè kà á ni, nígbà tí mo fún ẹ?"

Ó rí ibi tó máa dùn mí, ó sì gún un.  Mo ní, "Mo lè kà á, sà. Mi ò kà á. Màá gbé e dé sàréè. Àmọ́ èmi kọ́ ni mo gé ẹnu ẹ̀. Èmi kọ́ ni mo kọ oògùn eku."

Mádàámù bi mí pé kí ni mo fẹ́. Dókítà ti ń sọ pé òun á ra ológbò míì fún mi, ti òyìnbó, onírun gígùn. Mo ní mi ò fẹ́. Kó kọ ọ́ pé Mínú ò jẹ oògùn eku. Kó lù ú ní òǹtẹ̀ bó ṣe lu ti àkọ́kọ́.

Ó gbà. Ṣùgbọ́n ó ní kí èmi náà sáìnì pé mi ò ní gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣàkóso dókítà ẹran, mi ò sì ní sọ ọ́ létí oníbàárà òun. Mádàámù ní kò pọn dandan, kí n lọ rò ó. Rò ó kẹ̀? Oṣù ku ọjọ́ mẹ́rin. Ìyá Rìsì ti ń di àwo sínú àpò. Mo sáìnì.

Láǹlọ́ọ̀dù ka ìwé yẹn lójú gbogbo ilé. Ìyá Rìsì gbà á, ó wò ó, ó ká a, ó fi í sínú tòbí. Ó ní òun ò tíì dárí jì mí o, kí n kọ́kọ́ wá lẹ táìsì sí ilé ìwẹ̀ tó ń yọ̀ yẹn. Mo lẹ̀ ẹ́. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń ṣọ́ mi: "Ìyẹn ò gún, Kùtọnu." Gígún ni. Ó kàn fẹ́ sọ ọ́ ni.

Ọ̀ràn ìbá tán síbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, iṣẹ́ gbé mi gba iwájú ọ́fíìsì dókítà. Ọmọbìnrin kan jáde, aṣọ iléèwé ló wọ̀, ológbò dúdú kan wà láyà ẹ̀, oògùn ti mú ọrùn ológbò náà tutù. Rọ́bà yẹn gan-an ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, àwọ̀ kan náà. Ó ń rẹ́rìn-ín sí ológbò ẹ̀.

Mo rántí ìwé tí mo sáìnì. Ẹ gbà mí gbọ́, mo rántí. Mo kọjá lára ẹ̀ ní ìgbésẹ̀ mẹ́ta, bóyá mẹ́rin. Mo yí padà, mo pariwo mọ́ ọn pé kó sáré lọ fi ọṣẹ fọ ọrùn ẹran yẹn, kó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kó má fi rọ́bà kejì sí i láéláé. Dókítà gbọ́ ohùn mi, ó jáde, a pàdé lójú ọ̀nà. Mi ò ní kọ ohun tí mo sọ sí i síbí.

Ológbò yẹn ò kú. Bàbá ọmọ náà gba nọ́ńbà mi, ó pè mí láti sọ ọ́.

Dókítà ti fi ẹjọ́ mi sùn ní ọ́fíìsì Yaba yẹn pé mo da àdéhùn. Ó ní tóun bá ti bọ́ nínú àdéhùn, òun á gba ìwé òun padà. Mo lọ sọ fún Ìyá Rìsì, torí ìwé ẹ̀ ni, kì í ṣe tèmi. Inú bí i. Ó ní mo tún ti kó òun síta. Ó wọlé, ó tilẹ̀kùn, mo dúró síbẹ̀. Ó tún ṣílẹ̀kùn, ó ní, "Ọmọ ọdún mélòó ni ọmọbìnrin yẹn?" Mo ní ó lè tó ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ó tún tilẹ̀kùn. Mi ò mọ èyí tó wà níkùn ẹ̀ títí di báyìí.

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ní ká wá. Àwọn tá a jọ ń lẹ táìsì ní òmùgọ̀ ni mí, pé àlejò kì í ní ẹnu púpọ̀, ǹ bá ti máa bá tèmi lọ. Láǹlọ́ọ̀dù ní òun ò fẹ́ gbọ́ ológbò nínú ilé òun mọ́. Mo ti sáìnì, orúkọ mi ló wà níbẹ̀, mi ò jiyàn. Àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí, ẹ má wojú mi, ẹ sọ òótọ́: ká ní ẹ̀yin lẹ wà lójú ọ̀nà yẹn, tí ọmọ yẹn ń rẹ́rìn-ín bọ̀, ṣé ẹ̀ bá dákẹ́?